Ìnṣọ́ránsì fún Ẹṣin Ìyá Bọ́lá

Bàbá mi, ẹ kú ìsinmi o.

Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni mo bá wá. Mo mọ̀ pé yóò yà yín lẹ́nu, torí nígbà tí ẹ wà láyé, ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí ẹ mọ̀ kò ju tábìlì àti àga lọ. Ẹ kò sin ewúrẹ́ rí. Ẹ kò jẹ́ kí Màmá sin adìyẹ pàápàá, nítorí pé adìyẹ á máa yàgbẹ́ sórí pákó iṣẹ́ káfíńtà yín. Àmọ́ èmi ọmọ yín, tí mo ti di àgbàlagbà tó ń di ara ògiri mú kí ó tó dìde, ẹṣin ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, ní Fẹ́sítáàkì níbí.

Kì í ṣe èmi ni mo rà á. Ìyá Bọ́lá ló rà á, ìyàwó mi. Ẹ rántí rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ máa ń sọ pé ẹ̀rín rẹ̀ gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Bàbá, Ìyá Bọ́lá ti kú. Bóyá ẹ ti rí i lọ́hùn-ún kí n tó máa sọ ọ́. Nígbà òjò ọdún tó kọjá ni. Ó po ògì fún mi láàárọ̀, ó ní ṣúgà ti fẹ́ tán. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti ń pè é ní olóògbé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n ní ó jẹ́. Gbogbo ilé ń sunkún, èmi ń wá ìdérí kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀. Mo wá a títí. Àwọn ènìyàn rò pé ìbànújẹ́ ló dà mí lórí rú, ṣùgbọ́n ìdérí yẹn gan-an ni mo ń wá.

Láti ìgbà náà ni mo ti wà bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí dókítà eyín bá gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n yọ nǹkan lẹ́nu mi, n kò mọ ìrora rẹ̀. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń dá àwọn tó bá kí mi lóhùn. Ẹ̀rù nìkan ló ṣì ń bà mí, ìyẹn náà sì ti di àṣà lásán, bí ẹni tó ń họ orí tí kò yún un.

Ó yẹ kí n bá Ìyá Bọ́lá fúnra rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ òun ló ni ẹjọ́. Ẹni tó ni ẹjọ́ kì í dá a. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e tọ̀ yín wá.

Nígbà tí Ìyá Bọ́lá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yá àwọn ènìyàn ní nǹkan fún ọjọ́ ìbí ọmọ wọn. Àga oníke kéékèèké, kánópì, àti ilé ọ̀rá tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí tí àwọn ọmọdé á máa fò nínú rẹ̀. Ọjọ́ kan ló lọ sí etí òkun, ó sì mú ẹṣin bọ̀. Ọkùnrin kan tó ń fi í gbé ènìyàn létí òkun fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, ó sì fẹ́ tètè tà á. Ẹṣin náà kò wọ́n. Kí n sọ òótọ́ fún yín, fíríìjì wa wọ́n jù ú lọ. Pupa rẹ́súrẹ́sú ni, etí rẹ̀ kan tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ikùn rẹ̀ sì rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ìyá Bọ́lá sọ ọ́ ní Ọ̀gbẹ́ni. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní ó jọ òṣìṣẹ́ ìjọba: á pẹ́ kó tó dé, á dúró sójú kan, ṣùgbọ́n bí àkókò àti lọ sílé bá tó, kò sí ẹni tó lè dá a dúró. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo bínú fún ìgbà díẹ̀.

Kuje ti Amúwo níbí ni a so ó sí, kò jìnnà sí ilé wa, nínú ilẹ̀ tí ẹnì kan mọ ògiri yí ká tí kò tíì kọ́ ilé sí. Gàmbo ló ń tọ́jú rẹ̀. Ará òkè Ọya ni, àgbàlagbà bíi tèmi, ó ti pẹ́ ní Amúwo tó fi jẹ́ pé ó ń fi Yorùbá bú mi ju bí èmi ṣe lè fi bú u lọ. Lópin ọ̀sẹ̀, òun àti Ìyá Bọ́lá á mú Ọ̀gbẹ́ni lọ sí ibi tí wọ́n bá ti ń ṣọdún ọmọ. Àwọn ọmọdé á gùn ún yí ọgbà ká. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á tún tò. Owó tí ó ń mú wá ló fi ń jẹun.

Láti ìgbà tí Ìyá Bọ́lá ti lọ, Ọ̀gbẹ́ni kò jáde mọ́. Owó ìfẹ̀yìntì mi ló ń jẹ. Ẹ mọ bí owó yẹn ṣe máa ń dé nígbà tó bá wù ú.

Nígbà tó yá ni ìyá onílé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Alákijà ránṣẹ́ sí mi. Àwọn fẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni wá síbi ayẹyẹ ìparí ọdún wọn bí ó ṣe máa ń wá látẹ̀yìn wá. Inú ilé ìwé náà ń dùn láti rí i. Ṣùgbọ́n àwọn òbí ìsinsìnyí kì í gbà mọ́. Wọ́n ń fẹ́ rí ìwé ìnṣọ́ránsì kí ọmọ kankan tó fẹsẹ̀ kan ara ẹṣin. Bí n kò bá ní ìwé, kí n má wulẹ̀ mú un wá. Mo sì mọ̀ pé bí ilé ìwé kan bá ti béèrè, ìyókù á béèrè.

Ṣé ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà báyìí? Bí n kò bá ṣe ìnṣọ́ránsì, Ọ̀gbẹ́ni kò ní ríṣẹ́. Bí kò bá ríṣẹ́, n kò lè bọ́ ọ títí. Bí n kò bá lè bọ́ ọ, kí n tà á ló kù. Àwọn tó sì ń wá ra ẹṣin arúgbó ní àdúgbò yìí, mo ti rí ọ̀kan nínú wọn. Ó wá lọ́jọ́ Ajé kan. Kò la ẹnu ẹṣin wo eyín rẹ̀, kò ní kí ó rìn kí òun rí i. Itan rẹ̀ ló ń tẹ̀.

Mo pe Bọ́lá lórí fóònù. Àkúrẹ́ ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀.

“Dádì, ẹ tà á,” ó ní.

“Ta ni kí n tà á fún?”

“Ẹni tó bá fẹ́ rà.”

“Ẹni tó fẹ́ rà á, ọbẹ̀ ló fẹ́ fi sè.”

Mo gbọ́ tí omi ń ṣàn nínú sínìkì lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń fọ abọ́. “Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe ìnṣọ́ránsì náà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, Dádì, ẹ má tún jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ máa rò ó títí á fi di àìsàn sí yín lára.”

“Èmi kì í ro nǹkan.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín yẹn. Mo gbé fóònù kúrò létí díẹ̀, mo sì retí pé nǹkan kan á ṣe mí. Nǹkan kan kò ṣe mí.

Bàbá, adójútòfò ni ìwé pè é, ìnṣọ́ránsì ni gbogbo wa ń pè é. Ènìyàn á máa san díẹ̀ lọ́dọọdún fún ilé iṣẹ́ kan, bí òfò bá wá ṣe é, àwọn ni wọ́n á san án. Ilé iṣẹ́ kan rán ọmọbìnrin kan sí mi láti Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá. Ọmọ pẹ̀lẹ́ ni. Bàtà rẹ̀ ti kún fún ẹrẹ̀ Kuje kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì ráhùn. Ó ní oríṣi méjì ni àwọn lè ṣe fún ẹṣin. Èkíní ni pé, bí Ọ̀gbẹ́ni bá ṣe ọmọ kan léṣe, ilé iṣẹ́ á tọ́jú ọmọ náà. Ìyẹn ni ilé ìwé ń béèrè. Èkejì ni pé, bí Ọ̀gbẹ́ni fúnra rẹ̀ bá kú, ilé iṣẹ́ á san owó rẹ̀ fún mi. Ó ní bí mo bá gba méjèèjì pọ̀, wọ́n á ṣe é ní ẹ̀dínwó.

Ó yọ bírò. “Dádì, ṣé ẹṣin yìí ní àìsàn tàbí ewu kankan tó yẹ kí a mọ̀?”

Bàbá, ẹ mọ̀ mí. Ṣé ẹnì kan ń béèrè irú ìbéèrè yẹn lọ́wọ́ mi? Mo sọ fún un pé ó ń húkọ́ bí ọyẹ́ bá dé. Mo ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ọ̀tún kò fẹ́ràn ilẹ̀ tútù. Ó ń bẹ̀rù agbòjò, ó ń bẹ̀rù ọ̀rá dúdú tí afẹ́fẹ́ bá ń gbá kiri. Kòtò ìdọ̀tí ẹnu géètì kò ní ìdérí. Sọ́kàwéè kan wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó wà gan-an, ó sì lè là mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà kì í fọn fèrè ní kọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn ọmọ àdúgbò ń fún un ní bisikíìtì. Mo rí ejò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nígbà kan, bóyá okùn ni.

Ó gbé bírò kúrò lórí ìwé. “Dádì, ṣé ẹ fẹ́ kí ilé iṣẹ́ wa gbà á ni, àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n sá lọ?”

Gàmbo wà níbẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ họ ẹrẹ̀ kúrò ní pátákò ẹṣin. Kò gbójú sókè. “Ó ṣì kù, Àǹtí. Kò tíì sọ ti mànàmáná.”

Òtítọ́ ni, n kò tíì sọ ọ́.

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó kọ ikọ́, ó sì kọ ẹsẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ó wá ṣàlàyé ohun kan tó kù. Bí mo bá fẹ́ èkejì, ti pé ẹṣin kú, wọ́n gbọ́dọ̀ fi irin gbígbóná tẹ àmì sí i lọ́rùn, lábẹ́ gọ̀gọ̀ rẹ̀.

“Kí ni wọ́n fẹ́ fi àmì ṣe?” mo bi í.

“Kí a lè mọ̀ pé òun gan-an ló kú, sà. Àwọn kan máa ń gbé òkú ẹṣin ẹlòmíràn wá.”

“Ṣé á dùn ún?”

“Kì í pẹ́.”

Ibẹ̀ ni mo ti rántí yín, Bàbá. Mo rántí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín àti ilà mẹ́rin mẹ́rin tó wà níbẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹ bá ti fọ ẹsẹ̀ yín lálẹ́, ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín sọ̀rọ̀ títí ẹsẹ̀ yẹn á fi gbẹ. Nígbà yẹn ni mo máa ń jókòó tì yín, tí màá máa fi ìka tọ ilà yín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ kì í lé mi. Mo béèrè lọ́wọ́ Màmá ìdí tí èmi kò fi ní. Màmá ló sọ ọ́ fún mi, ẹ̀yin kò sọ ọ́ rí.

Ó ní ayé ogun ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ilà fún ọmọ, nígbà tí wọ́n ń jí ènìyàn gbé. Ibi yòówù kí wọ́n gbé ọmọ dé, bí ará ilé rẹ̀ bá rí ojú rẹ̀, wọ́n á mọ ẹni tó ni ín. Adójútòfò tiwọn nìyẹn. Wọ́n kọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi tí n kò bá láyé. Ojú ilà náà wú, ó ṣọyún, ibà gbé e. Ohun tí wọ́n ṣe kí ó má baà sọnù ló gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n wá bí mi, àwọn àgbà ilé tún mú oníkọlà wá. Màmá ní ẹ gbé àpótí kan sí ẹnu ọ̀nà, ẹ jókòó lé e, ẹ kò sì dìde. Wọ́n bi yín pé bí ọmọ yìí bá sọnù, báwo ni ẹ ó ṣe dá a mọ̀? Ẹ ní kò ní sọnù.

Ó tán. Ẹ kò fi ohunkóhun kún un. Ọ̀rọ̀ yín ti kéré jù nígbà gbogbo.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyẹn fi mí ṣe? Bí Màmá bá mú mi lọ sọ́jà, màá di ìró rẹ̀ mú títí á fi fẹ́ tú, torí mo mọ̀ pé ojú mi kò ní àdírẹ́sì. Ṣé ibẹ̀ ni ẹ̀rù mi ti bẹ̀rẹ̀? Àti pé, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣílẹ̀kùn sùn, tí ẹ máa ń hanrun kí a tó jẹun tán, ṣé ẹ ń ṣọ́ mi lóòótọ́, àbí ẹ kàn sọ bẹ́ẹ̀ kí àwọn àgbà ilé lè máa lọ? N kò bi yín nígbà tí ẹnu yín ṣì lè dáhùn.

Mo sọ fún ọmọbìnrin náà pé kí ó jẹ́ kí n rò ó wò. Gàmbo ní kí wọ́n bá a wá àga, pé yóò pẹ́.

Mo lọ dúró ti Ọ̀gbẹ́ni. Mo gbé gọ̀gọ̀ rẹ̀ sókè, mo sì wo ibi tí irin yẹn máa kàn. Awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ó gbóná, iṣan kan ń lù níbẹ̀. Ó fi ara tì mí bí ó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ènìyàn. Kì í ṣe ìfẹ́, ọ̀lẹ ni. Mo rò pé ó yẹ kí n gbà á. Ọmọlúàbí tó lórí pípé á gbà á. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo ti ń pa ilẹ̀kùn dé lẹ́ẹ̀mejì, tí mò ń mú agbòjò lọ́wọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹnì kan bá wà tí ìnṣọ́ránsì tọ́ sí láyé, èmi ni.

Ṣùgbọ́n mo rántí ohun kan tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Ìyá Bọ́lá kú, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ gbé owó wá fún mi. Wọ́n máa ń ṣe é fún ọmọ ẹgbẹ́ tó bá kú. Akọ̀wé wọn fi àpòòwé funfun lé mi lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó kí mi kú ara fẹ́ra kù. Ènìyàn rere ni. Mo fọwọ́ sí i. Àwọn àlejò tó wà ní pálọ̀ ń mi orí, wọ́n ní Ìyá Bọ́lá kúkú ṣe dáadáa, kò lọ lásán. Èmi náà mi orí. Mo gbé àpòòwé náà sábẹ́ ìró rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, n kò tíì ya á títí dòní. Láti ọjọ́ náà ló ti dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tí wọ́n ti san owó ọjà fún, ṣé ó tún lè jókòó máa sọ pé òun ń wá ọjà òun? Mo mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rò ó. Àmọ́ bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí nínú mi, bí ilẹ̀kùn tí wọ́n rọra pa dé.

Mo padà sọ́dọ̀ ọmọbìnrin náà. Mo ní ti àwọn ọmọdé nìkan ni kí ó kọ.

“Bí ẹṣin bá wá kú ńkọ́, Dádì?”

“Á kú.”

“Ẹ ò ní rí nǹkan kan gbà o.”

“Mo mọ̀.”

Ó wò mí. “Ṣé ẹ ti rò ó dáadáa?”

“Àǹtí,” Gàmbo ní, “ọkùnrin yìí ń rò ó kí ó tó bọ́ sálúbàtà. Ẹ kọ ohun tó sọ.”

Ó kọ ọ́. Ìwé ti dé, ìyá onílé ìwé Alákijà sì ti rí i. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ayẹyẹ wọn. Bọ́lá ní ìdajì ọ̀nà ni mo rìn, pé ẹni tó bá fẹ́ ra agbòjò kì í ra igi rẹ̀ kó fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Bóyá òótọ́ ló sọ. N kò lè ṣàlàyé fún un lórí fóònù, ẹ̀yin nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ, ó tọ́ kí ẹnì kan dúró fún wọn. Ṣùgbọ́n bí Ọ̀gbẹ́ni bá kú, mo fẹ́ kí ó jẹ́ òfò. Mo fẹ́ kí ó dùn mí bí nǹkan ṣe ń dun ènìyàn, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé nǹkan kan wá fún mi dípò rẹ̀.

Lánàá, Gàmbo pè mí pé ẹṣin kò jẹ èérí ọkà rẹ̀ tán. Mo ti dé ìdajì ọ̀nà Kuje kí n tó rí i pé bàtà tí mo wọ̀ kì í ṣe ìkejì ara wọn. Mo dúró ti Ọ̀gbẹ́ni. Ó wo èérí náà, ó wò mí, ó tún wo ọ̀nà. Gàmbo ń sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Nígbà tó yá, ẹṣin tẹ orí ba, ó sì jẹ ẹ́ tán. Mo di ògiri mú. Bàbá, àyà mi ń lù kì-kì-kì, gẹ́gẹ́ bí ti ẹni tí nǹkan ṣì kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè sọnù.

Ẹ sun re. Èmi ni, ọmọ yín, tí ó ṣì ń tẹ́tí sí yín.